Ọ̀nà Tí Ẹyin Ń Gbà Dé Alafiarou

Ní Tchaourou, lẹ́bàá títì ọlọ́dà tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà lọ sí Parakou, ẹyin kan kì í ju owó sẹ́fà márùndínlọ́gọ́rin lọ nígbà tí ọjà bá rọ̀. Ẹyin yẹn kan náà, bó bá fi máa dé Alafiarou, ó ti di márùndínláàádóje. Ẹni tó ń gbé e débẹ̀ ni Sakinatou, opó kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà débi pé kò sẹ́ni tó ń bi í mọ́ pé kí ló dé tí ẹyin fi ń gbówó lórí bẹ́ẹ̀ láàárín ìlú méjì. Òun náà kì í bi ara rẹ̀. Ohun tó máa ń bi ara rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ọjà ni pé, ṣé ẹ̀yìn òun á gbà á lónìí?

Torí ẹ̀yìn ni gbogbo iṣẹ́ náà. Oko adìyẹ kan wà lápá Tchatchou tó máa ń fi ọkọ̀ kó ẹyin wá sí Tchaourou. Bí Sakinatou bá ti kírun àárọ̀ tán, á lọ gba tirẹ̀ ní páálí páálí, á tò wọ́n léra, á fi rọ́bà táyà dè wọ́n mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù Abdou, zémì, ìyẹn ọlọ́kadà, tó máa ń gbé e. Òun á wá há ara rẹ̀ sáàárín Abdou àti ẹrù, á kó páálí tó ṣẹ́ kù lé itan, á sì fi ọwọ́ méjèèjì gbá wọn mọ́ra bí ọmọ tuntun. Kò sọ́wọ́ tó kù tó lè fi di nǹkan kan mú. Bí alùpùpù bá fẹ́ já sí kòtò, á gbé ìdí sókè díẹ̀ kí ara òun lè jẹ ìyà náà kí ẹyin má jẹ ẹ́. Kòtò ọ̀nà Alafiarou kò sì níye. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, eruku pupa á bò ó títí kan ìpéǹpéjú. Nígbà òjò, odò kékeré kan wà lójú ọ̀nà tó máa ń kún. Abdou á ti alùpùpù rẹ̀ kọjá, Sakinatou á sì ru páálí kan kọjá nínú omi, á padà wá ru òmíràn.

Ẹyin tó bá sán lójú ọ̀nà, obìnrin tó ń dín ẹyin ní ibùdókọ̀ Tchaourou ló ń rà á lówó pọ́ọ́kú. Èyí tó bá fọ́ pátápátá, abọ́ ni wọ́n ń dà á sí, ilé ni wọ́n ti ń jẹ ẹ́. Saliou, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Cotonou báyìí, kì í fẹ́ gbóòórùn ẹyin títí dòní.

Kì í ṣe pé ará Alafiarou kò ní adìyẹ. Ta ni kò ní? Àmọ́ adìyẹ ìbílẹ̀ kì í yé púpọ̀, èyí tó bá sì yé, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó sàba lé e kó di òròmọ. Ẹni tó bá fẹ́ ẹyin jẹ, tàbí tó fẹ́ sè é tà, ẹyin Sakinatou ló ń dúró dè.

Ìsọ̀ Àmọ̀kẹ́ ló máa ń já ẹrù sí. Ará Savè ni Àmọ̀kẹ́, onígbàgbọ́ ni, ọkọ rẹ̀ ló mú un wá sí Alafiarou láti wá dáko iṣu, wọ́n sì dúró síbẹ̀. Ó ń ta iyọ̀, àgolo tòmátì, ọṣẹ, àti ẹyin. Ẹgbẹ́ ni òun àti Sakinatou, ọ̀rọ̀ wọn sì wọ̀ gan-an. Bí Sakinatou bá ti sọ̀ kalẹ̀, á bá omi nínú garawa tí yóò fi ṣan ojú àti ẹsẹ̀, á sì bá ẹní tí wọ́n ti tẹ́ sẹ́yìn ìsọ̀. Lásìkò ààwẹ̀, Àmọ̀kẹ́ kì í jẹun lójú rẹ̀. Bí ọdún Kérésì bá dé, Sakinatou á gbé páálí kan wá tí kò ní gba owó rẹ̀. Nígbà tí ọkọ Sakinatou kú, Àmọ̀kẹ́ fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún Tóbi, ọmọ rẹ̀, ó wá sùn tì í títí ilé fi fara rọ̀. Lórí ẹní ẹ̀yìn ìsọ̀ yẹn náà ni àwọn méjèèjì ti máa ń fi iye lé ẹyin. Wọ́n á ro owó epo alùpùpù, wọ́n á ro èyí tó fọ́, wọ́n á ro èrè kékeré tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn máa jẹ, wọ́n á sì fẹnu kò.

Bó ṣe ń lọ nìyẹn títí Nafiou fi lọ sí Parakou.

Ọ̀dọ́mọkùnrin Alafiarou ni Nafiou. Igi kajú oko rẹ̀ so dáadáa lọ́dún yẹn, ó fi owó rẹ̀ ra alùpùpù tuntun, ó sì ń gbé e kiri. Lọ́jọ́ kan ní Parakou, ó dúró níwájú ilé ìtajà kan, ó rí páálí ẹyin tí wọ́n kọ iye sí lára, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sórí Wásáàpù ìlú. Ohun tó kọ sábẹ̀ kò gùn: "Ẹ wo iye tí wọ́n ń tà á níbí. Ta ló ń rẹ́ wa jẹ?"

Sakinatou kò sí lórí Wásáàpù yẹn. Kò gbọ́ nǹkan kan títí di ọjọ́ ọjà. Bí Abdou ti dúró níwájú ìsọ̀, tó ń tú rọ́bà àkọ́kọ́, ni Sakinatou rí i pé àwọn obìnrin pọ̀ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, wọn kò sì mú abọ́ lọ́wọ́. Bilkis ló sọ̀rọ̀ fún wọn. Bilkis ló ń se ẹyin tà fún àwọn ọmọ iléèwé, èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ sì ni. Ó kí Sakinatou, ó bi í léèrè àlàáfíà ọmọ rẹ̀, kó tó na fóònù sí i. Ó ní kí ó má bínú, àmọ́ àwọn ọmọ iléèwé kò lè san ju bí wọ́n ṣe ń san lọ. Bí òun bá yọ owó igi àti owó ata, nǹkan tó ń kù fún òun kò tó ra ọṣẹ. Bó bá jẹ́ pé báyìí ni ẹyin ṣe rí ní Parakou, àpò ta ni owó tó lé yẹn ń lọ?

Sakinatou wo fóònù náà. Ó mọ ilé ìtajà tó wà nínú fọ́tò. Ọkọ̀ oko adìyẹ máa ń dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ gan-an, ẹyin kì í gun alùpùpù débẹ̀. Ó wá gbójú sókè, ó wo Àmọ̀kẹ́, kí ó bá òun sọ ọ́. Àmọ̀kẹ́ mọ ọ̀nà yẹn. Ó ti gùn ún pẹ̀lú rẹ̀ rí, ẹ̀ẹ̀kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀ẹ̀kan nígbà òjò. Ṣùgbọ́n Àmọ̀kẹ́ kẹ̀yìn sí wọn, ó ń to àgolo tòmátì tí ó ti wà ní títò tẹ́lẹ̀.

Bilkis pe Àmọ̀kẹ́. Ó ní, "Ìyá Tóbi, ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ rí sí i?"

Àmọ̀kẹ́ kò yíjú padà tán. "Èmi? Bó ṣe gbé e wá fún mi ni mo ṣe ń tà á. Ẹ bi í."

Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú Sakinatou lásìkò yẹn. Ó lè sọ ti epo alùpùpù inú ìgò tó ń wọ́n sí i. Ó lè sọ ti odò, ti oòrùn tó ń ba ẹyin jẹ́ láìfọ́, ti oògùn ẹ̀yìn tó ń rà ní oṣooṣù. Àmọ́ eruku ṣì kún ẹnu rẹ̀, kò tíì rí omi ṣan, ó sì ṣe é bí ẹni pé bí òun bá bẹ̀rẹ̀ àlàyé níwájú àwọn obìnrin yìí, ẹ̀bẹ̀ ni yóò dà. Ó rẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe àárẹ̀ ọ̀nà nìkan.

Ó sọ fún Abdou pé, "Má tú u mọ́."

Abdou dúró, ó ń wò ó. Sakinatou tún un sọ. Abdou bá so rọ́bà padà, Sakinatou gun alùpùpù, ó gba páálí lé itan, wọ́n sì yí padà pẹ̀lú gbogbo ẹyin. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n padà. Lójú ọ̀nà, Abdou ní ó yẹ kó sọ̀rọ̀, ó ní bó bá jẹ́ òun ni, òun á sọ ọ́ títí etí wọn á fi dí. Sakinatou gbá páálí itan rẹ̀ mọ́ra. Nígbà tí wọ́n dé ibi odò, tí kò sí omi nínú rẹ̀ rárá, ó ní kó dúró, ó sọ̀ kalẹ̀, ó dúró lórí iyanrìn fún ìgbà díẹ̀, ó sì tún gùn ún.

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀bá títì Tchaourou ló ń jókòó sí. Àwọn tó ń ta ẹyin níbẹ̀ pọ̀ bí eéṣú. Ẹni tó bá sì fi sẹ́fà márùn-ún lé tirẹ̀, oníbàárà á kàn rékọjá sọ́dọ̀ ẹnì kejì ni. Ó wá rí i pé ibẹ̀ pàápàá, iye kì í ṣe ọ̀kan. Àwọn tó wà ní ibùdókọ̀ ń ta èyí tí wọ́n sè fún àwọn èrò ọkọ̀ Cotonou ní iye tó wù wọ́n, torí ebi ń pa èrò, ọkọ̀ sì fẹ́ ṣí. Ní Tchatchou, nítòsí oko adìyẹ, ó rọ̀ ju ti ọ̀dọ̀ wọn lọ. Saliou sọ fún un lórí fóònù pé ní Cotonou, àdúgbò kan kò bá èkejì dọ́gba. Ó ní kí ìyá òun má da ara rẹ̀ láàmú, pé bí ayé ṣe rí nìyẹn. Sakinatou ní òun ò da ara òun láàmú. Ooru mú lọ́dún yẹn, ẹyin ń bàjẹ́ níwájú rẹ̀ ní ìjókòó. Àwọn ọjọ́ mìíràn wà tí kò jáde rárá, tí ó kàn dùbúlẹ̀ tí ó ń gbọ́ ariwo ọkọ̀.

Àmọ̀kẹ́ pè é lẹ́ẹ̀kan. Sakinatou wo fóònù náà bó ṣe ń dún títí ó fi dákẹ́. Àmọ̀kẹ́ kò pè mọ́.

Ní Alafiarou, Nafiou ti gba iṣẹ́ náà. Ó ń kó ẹyin bọ̀ láti Parakou, ó ń tà á ní àádọ́rùn-ún, inú ìlú sì dùn. Kì í ṣe irọ́ ló ń pa. Ó ń rí i tà bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ọmọbìnrin kan wà tó ń fẹ́ ní Parakou, ó máa ń lọ wò ó bóyá ẹyin wà bóyá kò sí, nítorí náà ìfẹ́ ló ń sanwó epo. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà ní òun kò lè wá gbé Alafiarou, wọ́n sì túká. Láti ìgbà yẹn ló ti di pé ẹyin nìkan ló ń gbé Nafiou lọ tó ń gbé e bọ̀. Iye ẹyin gòkè sí ọgọ́rùn-ún, ó tún gòkè sí i, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn sí òun náà. Ó ní bí òun bá ń kó púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, á lè dín in kù fún wọn. Ó wá dì í ga ju orí rẹ̀ lọ. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Kò sọ̀ kalẹ̀ ní ibi odò. Alùpùpù yọ̀ lábẹ́ rẹ̀, ẹrù wó lé e, apá rẹ̀ kan dá. Àwọn Fúlàní tó ń da màlúù kọjá ló fà á jáde.

Abdou ló mú ìròyìn náà wá fún Sakinatou, ó sì ń wò ó bóyá á rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó bi í léèrè ibi tí wọ́n gbé Nafiou sí. Nígbà tó gbọ́ pé ó wà ní ilé ìwòsàn ní Tchaourou níbí, ó se ìrẹsì pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja, ó gbé e lọ.

Ojú ti Nafiou. Ó fẹ́ dìde jókòó, apá tí wọ́n fi aṣọ funfun líle dì kò jẹ́ kó lè ṣe é. Sakinatou ní kó dùbúlẹ̀. Ó gbé abọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó jókòó sórí àpótí.

"Tata," ni Nafiou wá wí, bí ọmọ ṣe ń pe àǹtí rẹ̀, "bí ẹ bá dé ibi odò yẹn, kí lẹ máa ń ṣe?"

"Mo máa ń sọ̀ kalẹ̀."

"Ní gbogbo ìgbà?"

"Ní gbogbo ìgbà tí omi bá wà."

Nafiou wo òkè àjà. "Kò sú yín?"

"Ó sú mi," ni Sakinatou dáhùn.

Ó ní kó jẹun kí ìrẹsì má tutù, ó sì bọ́ sílé.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Àmọ̀kẹ́ wá. Ọ̀sán ni. Sakinatou ń ṣa ẹ̀wà nínú ọgbà nígbà tí Abdou gbé alùpùpù rẹ̀ wọlé, obìnrin kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó di aṣọ rẹ̀ mú bí ẹni tí ẹ̀fúùfù fẹ́ gbé lọ. Gèlè rẹ̀ ti pọ́n fún ẹrẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, kò lè nàró tán; ó fọwọ́ ti ògiri, ó dúró ní títẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ń mí. Sakinatou kò sáré pàdé rẹ̀. Ó dìde, ó pọn omi sínú garawa, ó gbé e síwájú rẹ̀, ó lọ tẹ́ ẹní sábẹ́ igi máńgòrò. Ó gbé ẹ̀bà àti ọbẹ̀ wá. Àmọ̀kẹ́ ṣan ẹsẹ̀, ó jẹun, kò jẹ púpọ̀. Ó sọ pé ìlú kò rí ẹyin mọ́ láti ìgbà tí Nafiou ti ṣubú, pé Bilkis ti dẹ́kun ẹyin sísè, ẹ̀pà ló ń tà báyìí, pé ó ní kí wọ́n bá òun kí Sakinatou. Sakinatou ń gbọ́, ó ń ṣa ẹ̀wà lọ.

Níkẹyìn Àmọ̀kẹ́ ní, "Ìyá Saliou, kì í ṣe torí ẹyin nìkan ni mo fi wá."

"Mo mọ̀."

"Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹnu mi ló sọ ọ́. Inú mi kò sí níbẹ̀."

Sakinatou gbé àtẹ ẹ̀wà sílẹ̀. "Inú rẹ, mo ti ní in tẹ́lẹ̀. Ẹnu rẹ ni mo nílò lọ́jọ́ náà."

Àmọ̀kẹ́ dorí kodò. Ó wá ṣàlàyé pé ẹ̀rù ló ba òun. Ó ní bí ọjà bá tú, Sakinatou á gun alùpùpù, á lọ sílé rẹ̀ ní Tchaourou. Òun ni yóò kù láàárín wọn. Òun kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ìsọ̀ òun sílẹ̀, ta ni yóò ra iyọ̀ òun? Ọkọ òun kò lágbára oko mọ́. Gbogbo rẹ̀ ló sọ láìgbé ohùn sókè. Òótọ́ ni, Sakinatou sì mọ̀ pé òótọ́ ni, pé bó bá jẹ́ òun ló wà nípò yẹn, òun náà lè to àgolo tòmátì. Ṣùgbọ́n òótọ́ náà kò mú ibi tó ń dùn ún fúyẹ́ nínú rẹ̀ bó ṣe rò pé yóò ṣe.

Ó ní, "Mo ti dárí jì ọ́. Ó ti pẹ́."

"Ṣé wàá wá lọ́jọ́ ọjà, nígbà náà?"

"Rárá."

Àmọ̀kẹ́ wò ó.

"Èmi ti dárí jì ọ́," ni Sakinatou tún wí, "ẹ̀yìn mi ni kò tíì dárí ji àwa méjèèjì. Láti ìgbà tí mi ò ti gun ọ̀nà yẹn, mo ń sùn. Mi ò mọ̀ pé oorun ṣì wà bẹ́ẹ̀. Má bínú."

Àmọ̀kẹ́ kò bínú. Ó jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi yẹ̀, ó ń rò ó. Lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá ẹyin wà nílẹ̀. Sakinatou ní ó wà. Àmọ̀kẹ́ ní kó di mélòó kan fún òun, òun á gbé e lọ fúnra òun.

Sakinatou bá a di í. Ó fi hàn án ibi tí rọ́bà gbọ́dọ̀ gbà kó má fún ẹyin ìsàlẹ̀ pa, ó fi hàn án bí wọ́n ṣe ń gbé ìdí sókè, ó ní kó má di Abdou mú rárá, páálí ni kó dì mú. Ó gba owó rẹ̀ ní iye tí oko adìyẹ fi tà á fún un, kò fi nǹkan kan lé e. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí wọ́n fi yà sí ọ̀nà ilẹ̀, tí orí Àmọ̀kẹ́ ń mì lókè ẹrù.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, fóònù dún. Lọ́tẹ̀ yìí, Sakinatou gbé e.

Ó bi Àmọ̀kẹ́ léèrè ẹyin tó fọ́. Àmọ̀kẹ́ ní kó má béèrè. Odò ti kún, Abdou ti alùpùpù, òun sì ru páálí, ẹsẹ̀ òun wọ kòtò lábẹ́ omi, páálí kan ti bá odò lọ. Ó ní àádọ́jọ ni òun ń ta ẹyin kọ̀ọ̀kan.

"Ṣé wọ́n sọ̀rọ̀?"

"Wọ́n sọ̀rọ̀. Bilkis ní àádọ́jọ kẹ̀? Àwọn yòókù ń kùn."

"Kí lo wá sọ fún wọn?"

"Mo ní èmi ni mo lọ gbé e wá. Mo ní ẹni tó bá rí i pé ó wọ́n, Abdou wà níta, kó gùn ún lọ, èmi á bá a tọ́jú ọmọ rẹ̀ títí á fi dé."

"Ṣé ẹnì kankan lọ?"

"Wọ́n rà á."

Sakinatou ń gbọ́ bí ewúrẹ́ ṣe ń ké níbi tí Àmọ̀kẹ́ wà, ó sì ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Ó ní kó gbé omi kaná, kó fi aṣọ olómi gbígbóná tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, kó má sùn sórí bẹ́ẹ̀dì o, ilẹ̀ líle ló dára fún un.

Àmọ̀kẹ́ ní òun ti wà nílẹ̀ láti àárọ̀.